Òbúkọ Tí Wọ́n Rọ̀ Lóyè

Idwal Pugh ló nàdìí sókè níwájú òbúkọ, òbúkọ kọ́ ló lọ bá a nílé. Ohun tí mo sọ fún gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín wa lọ́jọ́bọ̀ yẹn nìyẹn, òun náà ni mo sọ lójú Idwal fúnra rẹ̀, òun náà ni màá sì sọ lónìí tí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí. Ta ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ kó wá kọ ẹ̀yìn sí òbúkọ oníwo? Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Pontwern, ìlú wa ní Wales, mọ̀ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Idwal ni olórí ìlú wa, aṣọ oyè pupa wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀wọ̀n góòlù wà láyà rẹ̀, ó sì rò pé òbúkọ á mọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, kó má di pé mò ń gbèjà ẹran lásán. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun agbègbè wa yìí, láti ayé àwọn baba ńlá wa ni wọ́n ti ní òbúkọ. Kì í ṣe ẹran ọ̀sìn o. Ọmọ ogun ni. Orúkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú tàwọn yòókù, ó ní nọ́ńbà, ìjọba ló ń bọ́ ọ, ó ní aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi okùn wúrà gbá létí, ó sì ní ipò. Èyí tó wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń wí yìí, Macsen lorúkọ rẹ̀, kọ́púrà ni. Tí ọmọ ogun tuntun bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, dandan ni kó dúró ṣánṣán kó kí i, torí ọ̀gá rẹ̀ ni. Àwa ará Wales ò rí ohun ẹ̀rín kankan nínú ìyẹn. Àwọn ará England ló máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín wọn lọ.

Hefin ọmọ mi ló ń mú Macsen rìn. Ọ̀gá Òbúkọ ni wọ́n ń pe ipò náà, ipò iyì sì ni. Òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń ya irùngbọ̀n rẹ̀, òun ló ń fi òróró pa ìwo rẹ̀ títí táá fi máa dán. Kí n sòótọ́, lóṣù tí mò ń wí yìí, òbúkọ yẹn ló ń gbé ọmọ mi ró.

Oṣù kẹta ni wọ́n ti Afuganísítánì dé. Hefin wá sílé lẹ́ẹ̀kan péré. Ó jókòó sí ìdáná, mo gbé tíì fún un, a ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àfi bí àwọn ọmọ ìpàǹlé kan ṣe yin báńgà lójú títì. Kí n tó yíjú padà, ọmọ mi ti wà lábẹ́ tábìlì. Ọmọ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà! Ó jáde níbẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú,” ó padà sí bárékè. Kò tún dé mọ́. Orí fóònù la ti ń gbọ́ pé “Mo wà dáadáa, Màmá.” Dáadáa wo? Ṣé èmi ni yóò máa purọ́ fún? Bàbá rẹ̀ ló tú àṣírí fún lọ́jọ́ kan, pé tí òun bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Macsen, àyà òun kì í já.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú wá pinnu láti fi ẹ̀tọ́ ọ̀nà dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà lọ́lá torí ogun tí wọ́n lọ jà, inú mi dùn, ó dùn jù. Ẹ̀tọ́ ọ̀nà ni iyì tó ga jù tí ìlú wa lè fún ọmọ ogun: pé kí wọ́n gba àárín ìlú kọjá pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú àsíá ní títa, pẹ̀lú ọ̀bẹ lẹ́nu ìbọn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n mú. Hefin pè mí, ó ní, “Màmá, Macsen ló máa ṣíwájú, èmi ni màá sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀. A máa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yín kọjá.” Ijó ni mo jó nínú ìdáná. Emlyn ọkọ mi bá mi níbẹ̀, ó ní, “Ìyá Hefin, ẹja ń jóná.” Mo ní kó jẹ́ kó máa jóná.

Wọ́n wá ṣe ìdánrawò lọ́jọ́bọ̀, lórí afárá tí wọ́n máa gbà wọ ìlú. Atẹ́gùn ṣí fìlà oyè Idwal, fìlà yí gbirigbiri, Idwal bẹ̀rẹ̀ kó mú un. Ẹ ti mọ ìyókù. Macsen fìwo kàn án nídìí, wọ́n ní Idwal fò ju fìlà lọ.

Tó bá jẹ́ ẹran ọ̀sìn ni, wọn ò bá kàn rẹ́rìn-ín kí ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun ni, ọmọ ogun tó bá kan olórí ìlú nínú aṣọ oyè sì ti dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Wọ́n mú Macsen lọ síwájú ọ̀gágun, wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí, wọ́n bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Macsen ń jẹ okùn bàtà ẹni tó dúró tì í. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ó kúrò ní kọ́púrà, ó di ọmọ ogun lásán. Ọmọ ogun tí ìyà wà lórí rẹ̀ kì í sì ṣíwájú àsíá, àṣà wọn nìyẹn. Inú ọkọ̀ ẹrù lẹ́yìn pátápátá ni wọ́n máa gbé e sí lọ́jọ́ Sátidé.

Hefin pè ní ìrọ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Màmá, wọ́n ti rọ Macsen lóyè. Inú ọkọ̀ ló máa wà.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Tó bá wà nínú ọkọ̀, inú ọkọ̀ lèmi náà wà. Wọ́n ní kí n bá àwọn yòókù tò, mo ní ẹ jọ̀ọ́. Èmi nìkan ò lè gba àárín èrò yẹn kọjá, Màmá. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lọ́kàn mi. Ẹ má bínú sí mi.” Ó gé fóònù.

Mo mọ̀ pé tí ọmọ mi bá jókòó sínú ọkọ̀ ẹrù lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú jáde wá kí i, kò ní tún wọ Pontwern mọ́. Ojú á máa tì í. Mo bọ́ épírọ́ọ̀nù mi, mo jù ú sí Emlyn, mo kọjá sí òdìkejì títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Idwal.

Mo gbàgbé láti sọ fún yín pé iṣẹ́ irun gígẹ̀ ni Idwal ń ṣe, pé kíláàsì kan náà la sì jọ jókòó sí ní kékeré. Mo tún gbàgbé láti sọ pé èmi àti ẹ̀ ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí mo sin Hefin dé ibùdó rélùwéè nígbà tó ń lọ sógun, tí mò ń bọ̀ wálé tí ojú mi pọ́n, ìwé gàdàgbà kan ni mo bá lójú gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀bù Idwal: Ẹ DÁ ÀWỌN ỌMỌ WA PADÀ. OGUN YÌÍ KÌ Í ṢE TIWA. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ọmọ mi ò tíì sọ̀ nínú rélùwéè, ẹnì kan ti ń sọ pé asán ló lọ ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gẹ irun Emlyn fúnra mi nílé. Emlyn ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dé fìlà wọ ilé ìsìn.

Mo ti ilẹ̀kùn Idwal wọlé. Idwal ń fá àgbọ̀n Bàbá Trefor. Bàbá Trefor ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọṣẹ bo ojú wọn títí dé imú. Ẹsẹ̀ kan ni Idwal fi dúró, ìdí ṣì ń dùn ún. Ó rí mi nínú dígí, ó sì dáwọ́ dúró.

“Nesta! Ṣé irun lo wá gẹ̀?”

“Irun kọ́ ló gbé mi wá. Ta ló ní kó o lọ fẹjọ́ òbúkọ sùn?”

“Èmi? Mo fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn? Ojú ọ̀gágun wọn ló ṣe. Ojú gbogbo ayé ló ṣe! Wọ́n ti gbé e sórí fóònù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ọsirélíà, ẹ̀rín ò jẹ́ kó rí ọ̀rọ̀ sọ.”

“Èmi náà wò ó,” Bàbá Trefor wí látinú ọṣẹ. “Ó dáa. Mo wò ó tán, mo tún un wò.”

“Bàbá, ẹ dákẹ́, kí n má lọ gé yín létí.”

Mo ní, “Idwal, fetí sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, o máa dá wọn dúró lórí afárá. O lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn kó o tó ṣí ọ̀nà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Bíà.”

“Òbúkọ.”

“Bíà ni, Nesta! Láti ìgbà tí afárá yẹn ti wà, kò sí olórí ìlú tó béèrè ohun mìíràn. Ìlú á ní kí wọ́n san bíà, ọ̀gágun á ní ó gbọ́, wọn á yí àgbá bíà wọlé, gbogbo èèyàn á mu yó. Àwọn èèyàn ti ń fọ ife wọn sílẹ̀ o! Ìbò sì ń bọ̀ lóṣù karùn-ún. O fẹ́ kí n dúró síwájú ìlú tí òùngbẹ ń gbẹ, kí n ní òbúkọ ni mo fẹ́? Òbúkọ tó kàn mí?”

“Ìwọ lo nàdìí sí i.”

“Fìlà mi ni mo fẹ́ mú!”

“Hefin ò ní jáde nínú ọkọ̀ tí òbúkọ ò bá jáde.”

Ó wò mí. “Kí ló ṣe Hefin?”

Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níta. Mi ò mọ ohun tó mú kí n sọ ọ́ níbẹ̀, láàárín irun ilẹ̀ àti òórùn ọṣẹ. Mo sọ nípa báńgà, mo sọ nípa tábìlì, mo sọ pé àyà rẹ̀ kì í já tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran yẹn. Bàbá Trefor ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Nígbà tí èmi ti Kòríà dé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mò ń sùn. Ìyàwó mi á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, màá sùn sílẹ̀. Wọn ò sì fún èmi ní òbúkọ.”

Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí, ìbínú ni mo fi dípò. Mo ní, “Idwal, kí ni mò ń bẹ̀ ẹ́ fún gan-an? Ìwọ tó o kọ ọ́ sójú gíláàsì pé ogun tí ọmọ mi lọ jà kì í ṣe tiwa, ìwọ náà lo fẹ́ wọ aṣọ pupa wá dá wọn lọ́lá. Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́!”

Idwal gbé abẹ ìfárí sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Nesta, kí ni mo kọ? Kà á fún mi, ṣebí o há a sórí. ‘Ẹ dá àwọn ọmọ wa padà.’ Ọmọ ta ni mò ń wí? Ṣé èmi bímọ ni? Ta ló gẹ irun Hefin láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjì, tó ń fi ẹsẹ̀ gbá mi nínú? Ìrọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la kó lọ, orí àga yìí ló jókòó sí. Èmi ló fá orí fún un. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, Nesta, ọrùn ọmọdé ni. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù bà mí, mo kọ ọ́ síta kí gbogbo ayé kà á. Ẹ̀rù ba ìwọ náà, o wá ń bá mi jà.”

Bàbá Trefor ń wo èmi, wọ́n tún ń wo Idwal, ọṣẹ ń gbẹ lójú wọn. Mi ò sì lè fi Idwal sílẹ̀ kó borí báyẹn.

“Ìyẹn ò ní kó o nàdìí sí òbúkọ,” mo wí, mo sì jáde.

Bí mo ṣe délé, Emlyn ní, “Ṣé o bẹ̀ ẹ́?”

Mo ní, “Mo bú u.”

Ó káwọ́ lérí. “Ìyá Hefin, bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń bẹ̀bẹ̀!”

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo Pontwern ti gbọ́. Bàbá Trefor ò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ ikùn, tí wọn ò bá sọ ọ́, ikùn wọn á bẹ́. Ẹni bá wá ra ẹja, á sọ tiẹ̀. Obìnrin kan ní, “Nesta, mo fẹ́ràn ọmọ ẹ o, ṣùgbọ́n bíà wa ńkọ́?” Òmíràn ní ọkọ òun ò tíì mutí láti ọjọ́ Ajé kí ààyè lè wà nínú ikùn rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ikùn ọkọ rẹ̀ yẹn, ààyè kì í tán níbẹ̀. Àwọn kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Inú mi ń yọ́ sí àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n Idwal ò wá, kò ránṣẹ́. Mo ń wo òdìkejì títì, mo ń rí i tó ń gẹ irun, kò gbójú sókè. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Sátidé, oòrùn là. Ní Wales, tí òjò kì í dá! Àwọn èèyàn ní àmì ni. Àsíá dírágónì pupa wà lójú fèrèsé gbogbo, àwọn ọmọdé so ewébẹ̀ líìkì, ìbátan àlùbọ́sà tó jẹ́ àmì ilẹ̀ wa, mọ́ àyà, òórùn àlùbọ́sà gba gbogbo ìlú. Gbogbo ẹni tó wà ní etí afárá ló mú ife lọ́wọ́. Ẹlòmíràn gbé jọ́ọ̀gì. Ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ gbé garawa.

Èmi àti Emlyn dúró síwájú. Mo rí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n tò ní òdìkejì afárá, bàtà wọn ń kọ mànà, àsíá wọn ń fẹ́. Níwájú àsíá, níbi tó yẹ kí òbúkọ dúró, àyè ló ṣófo. Lẹ́yìn wọn pátápátá ni mo rí ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n fi tapólì bò. Inú rẹ̀ lọmọ mi wà. Mo di ọwọ́ Emlyn mú, ó ní mò ń já òun léèékánná.

Idwal jáde síwájú, ó na okùn dí afárá. Ó ti fi téèpù lẹ fìlà rẹ̀ mọ́rí, èmi tí mo sún mọ́ ọn rí i.

“Ta ló ń bọ̀?” ó kígbe.

“Àwọn ọmọ yín ni,” ọ̀gágun dáhùn, bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn. “A ti ogun dé. Ẹ ṣínà fún wa.”

“Màá ṣínà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìlú fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín.”

Háà, ife ròkè! “Bíà! Bíà!” Wọ́n ń fi síbí lu garawa. Ọ̀gágun ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti yíjú sí ibi tí wọ́n kó àgbá jọ sí. Idwal wo èrò, ó wò mí. Mo fajú ro sí i, torí tí mi ò bá fajú ro, ẹkún ni ó kàn.

Ó ní, “Ìlú fẹ́ kẹ́ ẹ forí ji òbúkọ yín.”

Ife tó ròkè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

“Kí ló wí?” ẹnì kan béèrè lẹ́yìn.

“Òbúkọ.”

“Òbúkọ kẹ̀? Ṣé òbúkọ la fẹ́ mu ni?”

Idwal gbé ohùn sókè. “Èmi ló ṣẹ̀, èmi ni mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún un! Kọ́púrà Macsen wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, mo lọ kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀bi mi ni.”

“Ó ti ń jẹ́wọ́!” Bàbá Trefor pariwo lórí àga tí wọ́n gbé fún wọn. “Òun ló nàdìí! Mo ní fọ́tò ẹ̀!”

Ẹ̀rín bú. Kódà ẹni tó gbé garawa rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ò dùn. Ọ̀gágun ń bá ẹnu ara rẹ̀ jà kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Olórí ìlú, ṣé ó dá yín lójú? Bíà wà nílẹ̀ o.”

“Ọ̀gágun, ẹ má tún dárúkọ ẹ̀ mọ́, kí wọ́n má bàa sọ mí sódò.”

Ọ̀gágun yí padà, ó pàṣẹ pé kí wọ́n mú Macsen jáde. Ọmọ ogun kan sáré lọ sẹ́yìn, ó ká tapólì sókè. Àwọn èèyàn ń súfèé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ òbúkọ, ẹnì kan ń fun fèrè bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó jáde. Ọmọ ogun yẹn yọjú sínú ọkọ̀, ó sọ nǹkan, ó dúró. Kò sí ẹni tó jáde síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ariwo yẹn ni kò jẹ́ kí Hefin jáde. Mo fẹ́ pariwo pé kí wọ́n dákẹ́, ohùn mi ò jáde. Èmi Nesta, tí ohùn mi máa ń dé ibùdó rélùwéè!

Idwal ló ṣe é. Ó fa fìlà oyè kúrò lórí, téèpù àti irun jọ já, ó gbé e sókè réré, ó sì fi ìka kan ètè. Kò sọ̀rọ̀. Ẹni tó rí i dákẹ́, ó gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìgúnpá, onítọ̀hún dákẹ́. Ó ń tàn lọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé òkè títì. Àwọn ìyá fọwọ́ bo ẹnu ọmọ. Ẹni tó ń fun fèrè jù ú sápò. Mi ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Pontwern, tí kì í bá ṣe nínú ilé ìsìn, nínú ilé ìsìn pàápàá ẹnì kan á máa hanrun. Odò nìkan la ń gbọ́ lábẹ́ afárá.

A wá gbọ́ pátákò lórí pákó ọkọ̀. Macsen sọ̀ kalẹ̀, ìwo rẹ̀ ń dán, wọ́n ti ya irùngbọ̀n rẹ̀. Hefin tẹ̀ lé e. Ojú ọmọ mi funfun bí ìyẹ̀fun tí mo fi ń bo ẹja, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ gún, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn ẹran náà. Wọ́n rìn láti ẹ̀yìn títí dé iwájú àsíá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jagun yà fún wọn.

Ọ̀gágun fi àmì oyè mọ́ aṣọ Macsen lára padà. “Kọ́púrà Macsen,” ó wí. Àwọn ọmọ ogun lásán kí i. Ó wá ku kí olórí ìlú náà kí i. Idwal sún mọ́ ọn, ó kọjú sí i dáadáa, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ìdí.

Èmi gbọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Hefin ni. Ó fẹ́ pa á mọ́, kò ṣeé pa mọ́, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà náà ni gbogbo ìlú tó bú sẹ́rìn-ín, ariwo yẹn ju ti bíà lọ, ọmọ mi sì wà láàárín rẹ̀, kò sá. Mo wò ó dáadáa, kò sá. Omijé bo ojú mi, mi ò nù ún.

Ìlù dún. Bó ṣe dún lẹ́ẹ̀kíní, mo rí i tí Hefin ta gìrì, ó di irun ọrùn Macsen mú, ó gbé ẹsẹ̀. Wọ́n gba afárá kọjá, wọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá. Hefin ò wo ẹ̀gbẹ́, ọmọ ogun kì í wo ẹ̀gbẹ́. Macsen ló wò, ó fẹ́ jẹ líìkì àyà ọmọ kan, Hefin fà á padà. Emlyn ń ké “Ọmọ mi nìyẹn! Èyí tó wà lápá ọ̀tún o!” bí ẹni pé ẹnikẹ́ni lè ṣi ọmọ ènìyàn mú fún òbúkọ.

Níwájú gbọ̀ngàn ìlú, Idwal dárúkọ àwọn méjì tí wọn ò bá wọn padà. Gbogbo wa ṣí fìlà. Ó wá ní, “Èmi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Mo kọ ọ́ síta, ẹ̀yin náà kà á. Torí pé mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó tèmi pé ẹ dé. Ìlú yìí tiyín ni. Ẹ kú àbọ̀.” Ó fún ọ̀gágun ní ìwé ẹ̀tọ́ ọ̀nà. Ìyẹn nìkan ló sọ. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn olórí ìlú láti kékeré, mi ò tíì gbọ́ èyí tó kúrú tó bẹ́ẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ fún un, mo sì rí i pé ó rí mi.

Wọ́n tú ká. Mo fi ìgúnpá la èrò lọ síbi ọkọ̀ ẹrù. Macsen ti wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ ló di okùn rẹ̀ mú.

“Ọ̀gá Òbúkọ dà?” mo bi í.

“Ó ti lọ, Ma. Ó ní kí n bá òun mú un délé.”

Ó ti lọ. Bọ́ọ̀sì bárékè ti ṣí, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń yí kọ́nà. Ó rìn láàárín wa, mo dúpẹ́, ó tó, kí ni mo tún ń fẹ́? Mo ń bá ara mi wí bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń bọ̀ wálé. Kò tó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ bá a sọ, kó tó di pé fóònù ló kù.

Láti òkèèrè ni mo ti rí ìlà èrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa, ó gùn dé ojúlé kẹta. Ìlú tí wọn ò fún ní bíà, ebi ń pa á. Mo fẹ́ gba àárín wọn wọlé, wọ́n ń pariwo mọ́ mi pé kí n tò, kí n tò, ṣọ́ọ̀bù ara mi! Inú ilé kún, àwọn ọmọ ń sunkún, òróró ń ta pàrà, Idwal ń bá Bàbá Trefor jà nítorí fọ́tò. Ní ẹ̀yìn káńtà, ẹnì kan so épírọ́ọ̀nù mi mọ́ ṣòkòtò ọmọ ogun, ó ń wé pòtétò díndín sínú bébà, ó ń da fínígà sí i.

“Màmá! Níbo lẹ lọ?” Hefin wí, kò dáwọ́ dúró. “Bàbá nìkan ni mo bá, wọ́n ń dín ẹja bí ẹni ń fọ aṣọ. Ta ló kàn? Ẹ̀yin lẹ kàn, ẹ má ti ara yín!”

Mo kọjá sẹ́yìn káńtà. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún ẹja.

Mo ní, “Sún síbẹ̀ jàre, o ti da iyọ̀ sí i jù.”

Ó sún. Mo ń sunkún, mo ń wé pòtétò, èmi àti ẹ̀ ń gbá ara wa ní ìgúnpá, ẹni tó kàn sì ń pariwo pé ẹja méjì lòun fẹ́.